Ẹ Kú Ilé o, Ẹ̀yin Onígbó

Ẹ sún mọ́ iná. Ìwọ tó o fi ìborùn ìyá rẹ wérí yẹn, ká etí rẹ̀ sókè kí iná má baà rà á. Ọyẹ́ ọdún yìí le, mi ò jiyàn. Ètè mi ti là, òrí tí mo fi pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ gbẹ kó tó dé orúnkún. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹnì kan nínú yín tó ní òtútù yìí máa pa òun. Ọmọ mi, eléyìí ń bá ọ ṣeré ni. Mo ti gbé ibi tí òtútù ti ń pa èèyàn ní tòótọ́, ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ má sì gbé “ààlọ̀” fún mi o, kì í ṣe àlọ́. Kò sí Ìjàpá níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé fọ́rẹ́sìtì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ igbó ọba, kí n wo igi tó ti tó gé, kí n fi òòlù tí wọ́n gbẹ́ àmì ìjọba sí lójú lù ú ní ìdí. Igi tí mo bá ti lù, ó kú nìyẹn, ẹni tó máa rù ú lọ ló kù. Mo lu ìrókò, mo lu arère, mo lu afàrà, mo lu ọ̀ganwó. Bẹ́ẹ̀, ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Kó tó fi ẹsẹ̀ kan sínú igbó, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á ṣí fìlà, á ní, “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onígbó.” Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ó rí ẹnì kan níbẹ̀ tí èmi ò rí ni. Nígbà tí mo wá wọ ṣòkòtò kákí tán, mo ní àìkàwé ló ń da bàbá mi láàmú.

Ní 1974 ni wọ́n rán mi lọ sí Fínlándì láti lọ kọ́ iṣẹ́ igbó kún èyí tí mo mọ̀. Òkè lọ́hùn-ún ni Fínlándì wà, ní àríwá Yúróòpù, Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Sófíẹ́tì nígbà yẹn ló bá a pààlà ní ìlà oòrùn. Bí ẹ bá dá ilẹ̀ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, igbó ló gba mẹ́ta. Igi tó sì kún inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju oríṣi mẹ́ta lọ: páìnì, èyí tí ẹ máa ń rí lára káàdì Kérésì, àti ọ̀kan tí èèpo rẹ̀ funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Èmi tí mo ti igbó tí igi rẹ̀ kò lóǹkà wá, ojú tẹ́ńbẹ́lú ni mo fi wò ó. Igi mẹ́ta ni wọ́n gbé mi wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò!

Mo lo ọdún kan ní Helsinki, olú ìlú wọn, mo gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, èdè tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gùn débi pé èèyàn á mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sí Kuhmo lẹ́bàá ààlà, sọ́dọ̀ àwọn tó ń gégi. Oṣù kejìlá ni. Oòrùn ń yọ nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá kù díẹ̀, aago méjì ọ̀sán lù, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Kì í tilẹ̀ gòkè. Ó kàn ń yọjú lórí igi bí ajigbèsè tó ń yẹ ìta wò kó tó jáde. Yìnyín tó bo ilẹ̀ mù mí dé orúnkún, níbòmíì ó mù mí dé ìbàdí. Òun ni òjò dídì tí ẹ̀ ń kà nínú Bíbélì. Tẹ̀mómítà ara ilé sọ̀ kalẹ̀ dé 30 nísàlẹ̀ òdo. Bí mo bá mí sínú, irun imú mi á dì, á máa gún mi. Bí mo bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú òkè á fẹ́ lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtútù yẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Igbó tiwa kì í dákẹ́: kòkòrò ń han, ẹyẹ ń ké, ewé ń já, ọ̀bọ ń jà. Níbẹ̀, yìnyín ń gbé ohùn mì. Ẹ á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò ní rìn kọjá àgbọ̀n yín. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo wà tí nǹkan dún GBÀÀ! Mo ti dojú bolẹ̀. Ogun abẹ́lé wa kò tíì parí ju ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà, ara mi ò tíì gbàgbé ìró ìbọn. Àwọn agégi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Igi ló là. Òtútù mú un débi tí omi inú rẹ̀ fi dì, ló bá fà ya láti òkè dé ilẹ̀.

Bàbá arúgbó kan wà tó ń dáná fún wọn. Ukki ni gbogbo wọn ń pè é, bí ẹ ṣe ń pè mí ní Bàbá àgbà nìyẹn. Àní Ṣàngó tiwọn láyé àtijọ́, tó ń sán ààrá tó ń rọ òjò, Ukko lorúkọ rẹ̀, ìyẹn náà ò ju “bàbá arúgbó” lọ. Ukki tèmi kì í sán ààrá. Ó lè wà láti àárọ̀ dé alẹ́ kó má sọ ju gbólóhùn márùn-ún lọ.

Ẹ wo iná wa yìí. Bí oorun bá gbé mi lọ báyìí tí ẹ ò kó igi sí i, ó kú nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí Ukki ṣe ń dá tiẹ̀. Páìnì kan wà tó máa ń kú lórí ìdúró, tí èèpo rẹ̀ á ṣí dànù, tí ara rẹ̀ á sì wá dà bí fàdákà. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má ṣubú, kó má rà. Kelo ni wọ́n ń pè é. Ukki á gé kelo kan, á dá a sí méjì, ìkọ̀ọ̀kan gùn ju èèyàn lọ. Á fi àáké há ojú tí méjèèjì máa fi kọra wọn títí á fi rí wúruwùru bí irun àgùntàn. Á tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, á fi igi tútù kéékèèké lé e ní orí àti ní ìdí, á wá gbé ìkejì gẹṣin lé e. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò ju ìka mẹ́ta lọ. Inú àlàfo yẹn ló máa ṣáná sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ọmọ, iná yẹn kì í ru. Ó máa ń rọra jẹun ni, bí arúgbó tí kò léyín. Igi ìsàlẹ̀ á máa gbóná fún tòkè, tòkè á máa gbóná fún ìsàlẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní dìde fọwọ́ kàn án. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ẹ̀ka igi bò la sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú òtútù 30 yẹn, mo sì ṣí bọ́tìnnì àyà mi.

Ìdí iná yẹn nìkan ni Ukki ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní igbó ní ọba, Tapio lorúkọ rẹ̀, ó ní ìyàwó, Mielikki. Àwọn ni wọ́n ni ẹran inú rẹ̀, bí ọlọ́sìn ṣe ni ewúrẹ́. Orúkọ wọn wà nínú ìwé Kalevala, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Elias Lönnrot kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1835. Dókítà ìjọba ni ní Kajaani, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti abúlé dé abúlé tó fi gba orin lẹ́nu àwọn arúgbó. Mo bi Ukki bóyá ó ti ka ìwé náà. Ó ní kí lòun fẹ́ kà á fún, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn baba àwọn ni dókítà ti wá gbọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run tú. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá síta. Mo ti kà nípa rẹ̀: èérún tín-ín-tìn-tín tí oòrùn ń jù wá láti ọ̀nà jíjìn ló ń kọ lu afẹ́fẹ́ òkè. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun téèyàn ti kà kì í ba èèyàn lẹ́rù. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ló ń sáré lórí òkè ní àríwá, tí ìrù rẹ̀ ń gbá yìnyín sókè, tí yìnyín yẹn ń tan. Nínú ìyanu tó mú mi, mo súfèé. Ukki gbá mi lọ́wọ́. Ó ní àwọn Sámì, tí wọ́n ń sin àgbọ̀nrín oníwo ẹlẹ́ka lókè lọ́hùn-ún, máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá súfèé sí i, ó lè wá gbé olúwarẹ̀. Mo dákẹ́. Ìyá mi ò jẹ́ ká súfèé lóru nílé, tìtorí ejò. Mo fi òkun àti aṣálẹ̀ sẹ́yìn, ìkìlọ̀ kan náà ló jókòó dè mí.

Béárì wà nínú igbó wọn. Béárì tí Dáfídì pa kó tó kan Gòláyátì, ẹ ti gbọ́ ọ ní Sọ́ńdè-sùkúù. Ní gbogbo oṣù tí mo fi wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ kí Ukki pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Otso, á wí. Tàbí Mesikämmen, ìyẹn ni Àtẹ́lẹwọ́-oyin. Ọjọ́ tí mo ṣèèṣì pe “karhu” sókè nínú igbó, ó fi ọwọ́ dé mi lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń dé ìkòkò. Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé karhu gan-an kì í ṣe orúkọ. Irun ara rẹ̀ tó le gbàgìdì ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìnagijẹ ni, ó pẹ́ lẹ́nu títí ó fi di orúkọ, ni wọ́n bá tún ń wá ìnagijẹ fún ìnagijẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó múlé tì wọ́n, “ajẹ-oyin” ni tiwọn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa, ta ló máa pe ejò lórúkọ nínú ilé yìí tílẹ̀ bá ti ṣú? Okùn ilẹ̀ ni. Èmi náà ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ má dá mi lóhùn. Nígbà tí olóde ń jà, ta ló jẹ́ la ẹnu pè é? Ilẹ̀ gbígbóná, Ọba, bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n yí i ká nìyẹn.

Ọdún yí, oṣù kìn-ín-ní dé. Ukki mú mi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ ibi tí à ń lọ. Igi pẹlẹbẹ gígùn ni wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Mo ti ṣubú bíi ìgbà mọ́kànlá kó tó dúró. Ó nawọ́ sọ́ọ̀ọ́kán, lódìkejì àfo kan. Òkìtì yìnyín ni mo rí, bíi ti ebè ńlá. Mo wò ó títí. Nígbà tó yá ni mo rí ihò kékeré kan lára rẹ̀, tí kò lè gba ìkúùkù, tí etí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí èéfín tín-ín-rín ń jáde níbẹ̀. Á jáde, á dáwọ́ dúró. Mo ti rò pé ó tán, á tún jáde. Èémí ni.

Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Ẹ ka bó ṣe ń lù. Ti Àtẹ́lẹwọ́-oyin nínú ihò yẹn, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló lè máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti wọlé láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, kò ní jáde títí di oṣù kẹrin. Kò jẹ, kò mu, kò tọ̀, kò yàgbẹ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ. Èèyàn tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù méjì, ẹ ti rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rù. Òun á dìde lẹ́yìn oṣù márùn-ún, á gbọn ara, á máa lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: inú oorun yẹn ni abo rẹ̀ ti ń bímọ, láàárín oṣù kìn-ín-ní yẹn gan-an. Ọmọ tí kò wúwo ju agolo mílíìkì kan lọ, ojú rẹ̀ ò là, á wọ́ lọ sí ọmú fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ nínú òkìtì yẹn bí a ṣe dúró síbẹ̀.

Ukki ti ṣí fìlà. Nínú òtútù yẹn o, orí pípá. Ó sọ nǹkan lábẹ́ ẹnu, mi ò gbọ́ ọ. Ìgbà tí a ń bọ̀ ló sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bí wọ́n bá pa ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní àwọn kọ́ làwọn pa á. Wọ́n á gbé e wálé bí ẹni gbé ìyàwó, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á kọrin fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé agbárí rẹ̀ padà sínú igbó, wọ́n á gbé e kọ́ orí páìnì kan, kó lè padà sílé rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọdẹ tó kù nílùú yìí bóyá wọ́n lè pa ẹfọ̀n kí wọ́n sì kàn fọwọ́ nu ẹnu. Bàbá mi ì bá mọ ohun tó máa bá Ukki sọ.

Kí lo wí? Pé kí n má jẹ́ kí pásítọ̀ yín gbọ́? Bó bá gbọ́, kó wá yáná.

Oṣù kejì ni mo sọnù. Mo dá jáde láàárọ̀ lọ wọn ìtóbi àwọn igi kan tí kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ sí àgọ́. Ọ̀nà tí mo ti gbà tó ogún ìgbà. Yìnyín tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó rọra bo ipa mi. Mo ní kò burú, mo mọ òkúta ńlá kan níwájú. Mo dé ìdí òkúta, òkúta náà kò mọ̀ mí. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà, kò sì sí ọ̀kan tí mo dá mọ̀ nínú wọn. Mo kọjá lẹ́bàá páìnì kan tó tẹ̀, mo rìn rìn rìn, mo tún bá a níwájú. Ìgbà kẹta tí mo dé ibẹ̀, mo pariwo. Ohùn mi jábọ́ sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Ẹyẹ kankan ò ké, igi kankan ò là.

Ukki ti sọ nípa èyí rí. Metsänpeitto, ìbòmọ́lẹ̀ igbó. Igbó lè fi aṣọ bo èèyàn tàbí màlúù, kí àwọn tó ń wá a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí wọ́n má rí i. Ó jọ ti àwọn tí a máa ń sọ pé àjà gbé lọ, àmọ́ àjà tiwa máa ń kọ́ni lóògùn, èyí ò kọ́ mi ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹ̀rù. Ukki ní bó bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, kó yí aṣọ rẹ̀ padà, kí inú di òde, kó fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín sínú bí ọ̀gá fọ́rẹ́sìtì.

Ọ̀gá fọ́rẹ́sìtì bọ́ kóòtù. Òtútù gbá mi láyà bí ìgbà tí wọ́n da omi lu èèyàn lójú oorun. Ìka mi ò gbọ́ràn mọ́ nígbà tí mo ń yí apá kóòtù padà, eyín ni mo fi fà á. Mo jókòó nínú yìnyín, mo pààrọ̀ bàtà. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ orí kọ́ sáàárín ẹsẹ̀. Ilẹ̀ funfun wà lókè, ọ̀run eérú wà nísàlẹ̀, àwọn igi so rọ̀ láti òkè bí ẹran níwájú alápatà. Níbi tí mo ti wà bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ́ sí mi lórí, ẹnu mi la fúnra rẹ̀. Kì í ṣe èdè Fínlándì ló jáde. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onígbó. Ẹ má bínú, mi ò kí yín nígbà tí mo ń wọlé.”

Ẹyẹ kan bà sórí ẹ̀ka, ó sún mọ́ mi débi pé mo lè nawọ́ sí i. Ó rí bí eérú lára, ìrù rẹ̀ pupa bí irin tó dógùn-ún. Kuukkeli ni. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pa á. Wọ́n ní ẹ̀mí ọdẹ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Ó wò mí pẹ̀lú kóòtù òdì lára mi, ó fò lọ sí igi kejì, ó dúró. Mo tẹ̀ lé e. Ó tún fò. Bàtà òdì ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, mo ń wọ́ bí arọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn èéfín, mo sì rí òkúta mi, òkúta ọjọ́sí, ní ibi tó ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a.

Mo mọ ohun tí ọ̀mọ̀wé máa wí. Ẹyẹ yẹn mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti ń dáná ni òun ti máa rí jẹ, àgọ́ ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró bọ́ aṣọ tó tún un wọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ojú rẹ̀ á là. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn kò sí lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà.

Ukki wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí mo dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó gbé kọfí fún mi. Ó wá ní, “O kò kí wọn nígbà tó ò ń wọlé.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “O sì padà kí wọn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Èdè wo?” Mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ.

Mo padà sílé, mo sì tún lu igi. N kò ní purọ́ fún yín, òun ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi, òun náà ni mo fi rán àwọn bàbá yín níléèwé. Ṣùgbọ́n kò tún sí èyí tí mo fi òòlù lù tí mi ò kọ́kọ́ kí, lábẹ́ ètè, kí àwọn lébìrà má baà ní ọ̀gá ti ya wèrè.

Ẹ yí iṣu yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń jóná.

Gbogbo ìyókù ìgbà tí mo fi wà ní Kuhmo, a kì í wọ igbó kí Ukki má dúró. Á ṣí fìlà, á kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ fún Tapio. Á wá yíjú sí mi, bí ẹni tó ń wò bóyá òun máa gbà á, á ní, “E ku ile o.” Kò sí àmì ohùn kan tó bọ́ síbi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì, bí ẹni tó sọ ọmọ odó sínú odó, á wá fi ìyókù sílẹ̀ kó máa ṣàn lọ. Èmi náà á ṣí fìlà tèmi. Àwa méjèèjì á dúró díẹ̀, èéfín á máa jáde lẹ́nu wa, ká tó wọlé.